Ogójì Eyín Tí Mo Gé

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ìjà ẹnu. Ọwọ́ ló mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ju mẹ́ta lọ láàárín òun àti ẹnikẹ́ni, ọwọ́ rẹ̀ á ti gbéra kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni wá, ìyá ló yà wá, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ní Bouaké, ní Kódífuà, ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì, nínú agboolé àwọn ará Èjìgbò tí àwọn bàbá wọn ti kúrò nílé tipẹ́tipẹ́. Òun ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú ọjà níbẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń gé eyín sára irin.

Nígbà tí ìjà dé ìlú náà, a sá. Lójú ọ̀nà àríwá, àwọn ọkùnrin oníbọn dá ọkọ̀ wa dúró, wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kan ní Faransé, ó dáhùn, ìdáhùn náà kò sì dùn mọ́ wọn nínú. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá a lẹ́nu. Wọ́n tún gbá a lẹ́yìn ọrùn, ó ṣubú, wọn kò sì dẹ́kun nígbà tó ṣubú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ká ọwọ́ lé orí, mo ń wò. N kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi wá sílẹ̀, òun ló fà mí wọ ọkọ̀ padà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láyà, ó ní kí n má sunkún mọ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, n kò rí i kó lu ènìyàn rí. Láti ọjọ́ náà, n kò mọ oṣù tí kò lu ẹnì kan.

Ní Ouaga níbí, ìlú tí a sá wá, mo rí i tó fi orí kan ìmú awakọ̀ kan ní àdúgbò Patte d'Oie nítorí pé ọkùnrin náà ní kó sún ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà. Mo rí i tó gbá oníbàárà létí lórí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn á fi rẹ́rìn-ín. Kò lu ìyàwó rẹ̀ rí. Ó gbé ọwọ́ sókè sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan tí obìnrin náà ń dín kúlíkúlí. Obìnrin náà fa ìgbakọ yọ nínú òróró gbígbóná, ó gbé e síwájú ojú ọkọ rẹ̀, òróró ń kán sílẹ̀ láàárín wọn, ó ní, "Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀." Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbọ́ tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tèmi wà ní Zangouettin, lẹ́yìn ọjà ńlá, títí di ìgbà tí katapílà ìjọba wá wó àdúgbò náà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í jọ ìkìlọ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n dé, mo ń fa ẹ̀rọ ìgéyín mi jáde pẹ̀lú okùn nígbà tí ògiri ẹ̀yìn wó lulẹ̀, erùpẹ̀ bo gbogbo wa. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí gbé àpótí irinṣẹ́ mi, ó fẹ́ bá eruku náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yọ láti ibi tí n kò mọ̀. Ó dì í mú, ó ká a lọ́wọ́ sẹ́yìn títí mo fi gbọ́ tí egungun kán, ó gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e fún mi bí ẹni pé ó gbé oúnjẹ fún mi. Lẹ́yìn náà ó kó ẹ̀rọ mi lọ sí agboolé rẹ̀ ní Dapoya, ó fún mi ní ìyẹ̀wù tó kọjú sí títì. Ó ní ibi tí òun bá wà ni èmi náà máa wà. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé rẹ̀ nìyẹn.

Nínú agboolé náà ló gbé ẹ̀rọ ìfún-òróró kalẹ̀. Àlòkù ni, ó rà á láìní píńyọ̀n. Píńyọ̀n ni gbogbo wa níbí ń pe kẹ̀kẹ́ irin eléyín. Méjì ni ẹ̀rọ náà nílò: kékeré kan tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì yóò máa yí, àti ńlá kan tí kékeré yóò máa fi eyín tì, tí ńlá yóò sì máa yí ọ̀pá tó ń tẹ ẹ̀pà. Ó fẹ́ kí ọ̀pá náà yí lẹ́ẹ̀kan bí kékeré bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n gé ogún eyín sára kékeré, kí n gé ogójì sára ńlá.

Mo ní kí a jẹ́ kí ńlá jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Ó bi mí pé kí ni ẹyọ kan ṣoṣo máa ṣe.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ níbí bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ dúró lé. Bí kékeré bá ní ogún eyín tí ńlá sì ní ogójì, ẹ mú eyín kan ṣoṣo lára kékeré, ẹ máa tẹ̀ lé e. Yóò kan eyín kan lára ńlá. Kékeré yóò yí, yóò tún kan òmíràn, èyí tó wà ní ogún eyín síwájú. Kékeré yóò yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ogójì ti pé, ó ti padà sórí eyín àkọ́kọ́. Títí ayé ẹ̀rọ náà, eyín yẹn kò ní mọ̀ ju àwọn méjì yẹn lọ, àwọn méjì yẹn kò sì ní mọ̀ ju òun nìkan lọ. Ṣùgbọ́n bí ńlá bá jẹ́ mọ́kànlélógójì, bí kékeré bá yí lẹ́ẹ̀mejì, eyín kan á ṣẹ́ kù tí kò tíì kàn. Ìyẹn á ti gbogbo ìpàdé wọn sẹ́yìn pẹ̀lú ẹyọ kan, yóò sì máa tì í bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí kékeré bá fi máa yí ní ìgbà mọ́kànlélógójì, gbogbo eyín ti kan gbogbo eyín. Bí ọ̀kan bá burú, gbogbo wọn á pín ìyà rẹ̀ jẹ, kò ní pa ẹnì kan.

Ọ̀gá mi ní Bouaké ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé iye tó bára mu kò dára rárá. Ó ní eyín tó bá ń pàdé ẹnì kan náà lójoojúmọ́ á mọ ara wọn, wọ́n á ṣe déédéé, bí kò bá sí ohun tó ya. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá tú wọn má gbàgbé láti fi àmì sí wọn, kí ó lè dá oníkálùkù padà sọ́dọ̀ ẹni rẹ̀. "Bí kò bá sí ohun tó ya" ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ tó ń fún ẹ̀pà, tí òkúta àti ìṣó máa ń wà nínú àpò, nǹkan á ya.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi dé ìdajì. Ó ní ìlọ́po méjì ogún ni ogójì, pé ẹni tó bá ń wá mọ́kànlélógójì, wàhálà ló ń wá. Ó tún ní ìdúró ọ̀pá náà ti wà nínú sìmẹ́ńtì, ààyè ogójì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Òótọ́ ni, mọ́kànlélógójì yóò gbà pé kí a fọ́ sìmẹ́ńtì náà, kí a sún ọ̀pá sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìnípọn owó ẹyọ kan. Ojú rẹ̀ ti ń yí padà. Mo padà sí ìyẹ̀wù mi láìtún sọ ti mọ́kànlélógójì.

Mo lè sọ pé ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tán síbẹ̀. Irinṣẹ́ tí mo fi ń pín eyín ní ọwọ́ kan tí a ń yí. Bí a bá yí ọwọ́ náà ní ìgbà ogójì, irin tó wà lẹ́nu rẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó ń gé ogójì eyín kò nílò làákàyè: ìyí kan, eyín kan. Ẹni tó bá fẹ́ gé mọ́kànlélógójì ní láti wá awo tó ní ihò mọ́kànlélógójì, kó máa ka ogójì ihò fún eyín kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ṣi kíkà lẹ́ẹ̀kan, irin náà bàjẹ́ nìyẹn. Oṣù ààwẹ̀ ni, oòrùn ń jó páànù tó wà lókè orí mi, ẹnu mi gbẹ. Mo gé ogójì.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìkórè méjì. Mo rọ páànù kan bo àwọn píńyọ̀n náà kí aṣọ má baà wọ inú wọn. Ọkùnrin Mọ́sí kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń da ẹ̀pà sẹ́nu ẹ̀rọ. Gbogbo wa ń pè é ní bàbá. Ó ti fọ́ òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá sọ́dọ̀ wa, apá rẹ̀ le bí igi òrí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń bínú, bàbá náà á kàn máa da ẹ̀pà rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sì nawọ́ sí i rí.

Ní ìkórè kẹta, nọ́ọ̀tì kan tú kúrò níbi tí a ti so bẹ́líìtì, ó bọ́ sáàárín eyín. Ẹ̀rọ náà ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú. Kí a tó pa á, ó ti jẹ nọ́ọ̀tì náà, ó sì ti tu ú jáde, ṣùgbọ́n eyín kan lára kékeré ti ya. Bí ìdajì rẹ̀ ló lọ, ohun tó kù sì mú bí ẹnu àáké. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan kí n gé òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn àpò ẹ̀pà tó kún agboolé, ó wo àwọn obìnrin tó tò pẹ̀lú garawa wọn, ó sì tan ẹ̀rọ padà.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ náà ní ìró kan. Gbì. Gbì. Gbì. Bí kékeré bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, ó gbá. Ìyẹ̀wù mi kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i lọ; ìró náà ń wọ inú irin tí mo bá ń gé, ó ń wọ eyín mi. Mo sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní lẹ́yìn ìkórè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, mo pè é. Mo tú páànù náà kúrò, mo gbé e ti ògiri. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa eyín tó ya, mo sì ń fi ọwọ́ yí bẹ́líìtì díẹ̀díẹ̀. Eyín oníṣọ́ọ̀kì náà dé, ó kan eyín kan lára ńlá, ṣọ́ọ̀kì ràn án. Mo yí i, ó kan èkejì. Mo yí i, ó padà sórí àkọ́kọ́. Mo yí i títí, kò sí ẹ̀kẹta. Àwọn méjì náà kọjú síra wọn gan-an, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn méjìdínlógójì yòókù ń dán bí ọjọ́ tí mo gé wọn. Àwọn méjì yẹn ti fọ́ lẹ́nu, ìlà dúdú tín-ínrín kan sì ti gba ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ inú irin lọ.

"Ẹ wò ó," mo ní. "Méjì péré ló ń lù. Ó ti lù wọ́n dé gbòǹgbò."

"Lẹ́yìn ìkórè."

"Kò ní dé ẹ̀yìn ìkórè. Ká ní ẹ gbà fún mi lọ́jọ́ tí mo sọ mọ́kànlélógójì—"

N kò rí ọwọ́ rẹ̀. Ìkúùkù ni, kì í ṣe ìgbájú. Mo bá ara mi lórí àwọn àpò ẹ̀pà, eyín mi ti gún ètè mi já, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ó dúró lé mi lórí, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Ó ní agboolé ta ni mo wà. Ó ní ta ni mo rò pé ó ń bọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo dìde, mo tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì jáde. Páànù náà wà níbi tí mo gbé e sí, tó fara ti ògiri. Mo rí i. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pẹ́ kí n tó dé ibi iṣẹ́, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé mò ń bínú. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ gbì náà láti títì. Mo ń ṣí ilẹ̀kùn mi lọ́wọ́ nígbà tí ìró náà yí padà: ó gbá lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti gbá, lẹ́yìn náà ni ìbúgbàù kan dún tó mi ilẹ̀. Eyín kan ti kán nídìí, ó bọ́ sí àárín, kékeré sì tì í mọ́ ńlá. Ńlá là sí méjì, láti ibi ìlà dúdú kan dé ibi ìlà dúdú kejì, bí igbá tí a fi ayùn là. Ìlàjì kan wọlẹ̀. Ìlàjì kejì fò jáde níbi tí páànù kò sí, ó sì bá bàbá náà lápá ọ̀tún, lókè ìgúnpá, níbi tó ti na ọwọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó jókòó nílẹ̀ láàárín ẹ̀pà. Kò pariwo. Ó ń wo apá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ohun tí ẹlòmíràn jù sílẹ̀. Awọ nìkan ló mú un dúró. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, ó ń bá òróró tó ti ṣàn sílẹ̀ lọ, ó pupa lórí rẹ̀, kò pò mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fi dì í lókè apá.

Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ju gbogbo ohun tó kù lọ. Mo mú sípánà ńlá tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, mo sì fi gbá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn. Mo ń pariwo pé mo sọ fún yín, mo sọ fún yín. Mo tún gbá a léjìká. Kò yíjú. Ó ní kí n mú igi kan wá kí òun fi lọ́ aṣọ náà kó le. Mo tún gbá a. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ìdì náà. Bí mo ṣe ń lù ú ló ń dì í. Ìyàwó rẹ̀ ló dì mọ́ mi láti ẹ̀yìn, ó sì já sípánà náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀ ń pa ẹni tó ń gba ẹ̀mí là." Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dá dúró lápá bàbá náà, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ilé ìwòsàn gé apá náà. Bàbá náà yè.

Lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn rẹ̀ dé: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, àgbà ni wọ́n, àti àwọn ìbátan méjì. Igi wà lọ́wọ́ mẹ́ta, ọ̀kan mú ṣéènì alùpùpù. Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ pàdé wọn láìwọ bàtà. Wọ́n bi í ní Mòoré, èdè àwọn Mọ́sí, pé ta ló ni ẹjọ́ náà. Mo wà nínú ìyẹ̀wù mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ló ni ẹ̀rọ, òun ló tàn án, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún òun. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sí ohun tó bò ó. Ó ní òun ló tú páànù rẹ̀.

Ṣéènì ló kọ́kọ́ dé ara rẹ̀. Ó gbá a láti etí wá sí ọrùn, ó sì fa etí náà ya. Ó ṣubú sórí orúnkún. Wọ́n fi igi lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìró kan náà, ìró àpò tí wọ́n ń gbọn. Gbogbo ẹni tó mọ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ní Dapoya ń dúró kó gbé e. Kò gbé e. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó ń gbà á. Ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọmọ odó, ó ní kí ọkọ òun wọlé padà, ohùn rẹ̀ kò ga. Èmi ńkọ́? Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo di irin kan mú, n kò sì jáde. Ìgbà kejì nìyẹn láyé mi tí mo dúró tí mo ń wo àwọn ènìyàn tó ń lu ẹ̀gbọ́n mi, lọ́tẹ̀ yìí nítorí ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ọmọ bàbá náà tó dàgbà jù, tó mú ṣéènì, ló kọ́kọ́ rẹ̀. Ó ju ṣéènì sílẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agboolé wa, ó sì ń sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ.

Mẹ́ta nínú egungun ìhà ẹ̀gbọ́n mi ló kán. Mo wọlé tọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kẹta, mo ti to ọ̀rọ̀ jọ. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ti páànù yẹn," ó ní. "Mo ti sọ ohun tí mo sọ. Má lọ sọ òmíràn."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo rí i láàárọ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ. Mo ní kí n dè é padà. Mo tún ní kí n má dè é, kí ìwọ fúnra rẹ wá dè é." Ó yíjú sí ògiri. Èémí rẹ̀ ń dún nínú àyà. "Dákọ́ọ̀? Ṣé o gbọ́? Má sọ òmíràn."

Mo gé píńyọ̀n méjèèjì ní tuntun. Mo ra awo oníhò náà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká. Ogójì ihò, mo gé. Ogójì ihò, mo gé. Ní eyín kẹrìnlélógún ni mo ṣi kíkà, mo jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo mú irin mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, mo gbé òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n mi jáde wá pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi dì í níhà, ó jókòó sórí àpò, ó ń wò mí. Ó jókòó síbẹ̀ títí mo fi sún ọ̀pá náà sẹ́yìn ní ìwọ̀n owó ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sọ́dọ̀ bàbá náà. Ẹ̀yìn Patte d'Oie ló ń gbé, lọ́nà ibi tí ọ̀dà títì ti parí. Ó jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò, òun nìkan, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Èdè Jùlá ló rọrùn fún mi ju Mòoré lọ, bàbá náà sì gbọ́ ọ, òun ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ogún àti ogójì fún un, mo sọ ti ṣọ́ọ̀kì, mo sọ ti ìkúùkù. Mo sọ pé èmi ni mo tú páànù náà, pé mo rí i níbi tó fara ti ògiri, pé mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wá síbí," ó ní. "Ó ní òun ni."

"Ó purọ́, bàbá."

Ó ní kí n sún mọ́ òun, mo sì sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi di ọ̀fun mi mú. Ọwọ́ tó ti fọ́ òkúta ni. Ó fún un. Mo rí ojú rẹ̀ nítòsí, kò sí ìbínú lójú náà, iṣẹ́ ló jọ pé ó ń ṣe. Ó fún un títí ewé igi náà fi dúdú lójú mi, títí mo fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ mi létí. N kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó fi mí sílẹ̀, mo sì fi ojú bolẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, mo ń wúkọ́.

"Má sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi," ó ní. "Wọ́n ti lu ẹnì kan nítorí rẹ̀. Ó tó."

Mo dúpẹ́, mo ní barka. Alùpùpù mi kọ̀, kò jí. Mo tì í dé títì.

Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lu ènìyàn, kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ó lu ẹnì kan lóṣù tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ ló sì lọ bẹ ẹni náà. Bàbá náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ àgbà, ẹni tó mú ṣéènì lọ́jọ́ náà, ló ń da ẹ̀pà báyìí, nítorí ilé wọn gbọ́dọ̀ jẹun. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ bá fà lọ. Èmi ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí mo fi gé mọ́kànlélógójì, nígbà tí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Dapoya ń lo ogójì. Mo yọ páànù, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fi hàn án bí eyín ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan lọ bá ẹlòmíràn. Ó yé e kíákíá, ó ní orí tó dára. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ohun kan, mo sì de páànù náà padà kí n tó dìde níbẹ̀.